Ẹ Bi Jíìpù Yín Léèrè Kí Ẹ Tó Ra Páàtì

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo fẹ́ gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, mo yí kọ́kọ́rọ́, jíìpù wa dún "tà" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Mo ra bátìrì tuntun lọ́jọ́ náà. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún dákẹ́. Mẹkáníìkì tí mo pè sọ pé àlùtánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná, ló bàjẹ́, a pààrọ̀ ìyẹn náà. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó tún dún "tà". Ìgbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ fúnra mi tèmi ti tọ́ọ̀ṣì ni mo rí i pé wáyà dúdú nínípọn tó ti orí bátìrì lọ so mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà níbi tí wọ́n fi bóòtì dè é sí. Mo tú u, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú ibẹ̀ títí ó fi ń dán, mo dè é padà. Bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó sítáàtì. Bátìrì àti àlùtánétọ̀ tí a ti yọ sọ nù, kò sí èyí tó ní àrùn kankan nínú wọn.

Láti ọjọ́ náà, n kì í ra páàtì fún jíìpù wa bí n kò bá tíì rí ẹ̀rí pé òun gan-an ló bàjẹ́. Bí a ṣe ń wá ẹ̀rí náà ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ibi tó rọrùn ni a ó ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo, torí ibẹ̀ náà ni àrùn sábà máa ń wà. Jíìpù tó ń gbé tọkọtaya, ọmọ àti ẹrù máa ń wúwo, ó sì ga, nítorí náà bíréèkì rẹ̀, táyà rẹ̀ àti àwọn ìsopọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jìyà ju ti ọkọ̀ kékeré lọ. Àrùn kékeré kì í pẹ́ di ńlá lára rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín

Kò pọ̀. Mítà tó ń wọn iná, síkánà kékeré tó ń ka kóòdù ẹ́ńjìnnì, tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, géèjì táyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti sípánà, búrọ́ọ̀ṣì onírin, ìbọ̀wọ́. Ẹ tún ní jáàkì tó lágbára tó ìwọ̀n ọkọ̀ yín, pẹ̀lú sítáǹdì irin méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ti sítáǹdì yìí ní ọ̀kúnkúndùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Jáàkì lè yẹ̀, ó lè jò, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì lè rì. Orí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú ni kí ẹ páàkì sí. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi igi tàbí òkúta dí táyà tó wà ní ìdí kejì, kí ẹ wá fi jáàkì gbé e níbi tí ìwé ọkọ̀ ní kí ẹ ti gbé e. Ẹ ti sítáǹdì sábẹ́, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé e, kí ẹ sì fi ọwọ́ tì í dáadáa kí ẹ tó tẹrí bọ abẹ́. Bí ó bá mì, ẹ tún un gbé.

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá wà lára irinṣẹ́ o. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti rí irú ọ́ìlì tó ń mu, irú omi rédíétọ̀, bí a ṣe ń de nọ́ọ̀tì le tó, àti ibi tí fíùsì kọ̀ọ̀kan wà. Bí ẹ kò bá ní i, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ló gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Iná tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù

Pupa túmọ̀ sí pé kí ẹ dúró. Iná ọ́ìlì, èyí tó dà bí ìkòkò kékeré tí epo ń kán lẹ́nu rẹ̀, ni kò gba àwáwí rárá. Bí ó bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ilé kò jìnnà mọ́. Ọ́ìlì ló ń jẹ́ kí irin yí lórí irin láìfara kanra, bí agbára tó ń tì í bá sì ti lọ sílẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti ba inú ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa ọ̀pá ìwọ̀n yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ padà, ẹ tún fà á yọ. Bí ọ́ìlì kò bá dé àmì ìsàlẹ̀, ẹ fi irú èyí tí ìwé sọ kún un. Bí ó bá pé tí iná náà sì ń tàn síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má wà á.

Iná bátìrì pupa ń sọ pé àlùtánétọ̀ kò fún bátìrì ní iná mọ́. Ẹ pa AC àti rédíò, kí ẹ wá ibi tó dára láti dúró sí. Ṣùgbọ́n bí sítíárì bá le lójijì tàbí tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní àkókò kan náà, bẹ́ẹ̀lì ló já, ẹ sì gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Iná ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ yẹ́lò ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Bí ó bá tàn tí kò ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń rìn bó ṣe yẹ, ẹ lè wà á délé kí ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jó ń dà gba inú èéfín, ó sì lè yọ́ katalíìsì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má tẹ tọ́tù mọ́, ẹ rọra dé ibi tí ẹ ó ti dúró.

Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní ojú ihò OBD2, ibi tí a ń ki síkánà bọ̀. Ní Yúróòpù, àwọn tó ń lo bẹntiróòlù bẹ̀rẹ̀ ní 2001, àwọn tó ń lo dísù tẹ̀lé e ní 2004. Ihò náà ní ojú 16, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀ ló sábà máa ń wà. Ẹ ki síkánà bọ̀ ọ́, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná fi ń tàn láìsítáàtì, kí ẹ ka kóòdù. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́. Ọ̀pọ̀ síkánà tún máa ń fi hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó àti bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó ní ìṣẹ́jú tí iná náà tàn. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù nìyí: kóòdù kì í dárúkọ páàtì tó bàjẹ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí ló ń sọ. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù fún epo tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sì sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, nígbà tó jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ náà ló ń sọ òótọ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ láti ilé fíltà dé ẹnu ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ àwọn ibi tó ká, torí ibẹ̀ ni rọ́bà ti ń ya. Ẹ fetí sí i bóyá afẹ́fẹ́ ń súfèé níbì kan. Ẹ fi ohun èlò tí wọ́n ṣe fún un fọ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́. P0455 ń sọ pé òórùn epo ń jò jáde púpọ̀, ìdérí táǹkì epo tí a kò dé dáadáa sì tó láti fà á. P0420 ń sọ pé katalíìsì kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Owó rẹ̀ ga, nítorí náà kí ẹ tó gbà pé ó ti kú, ẹ rí i dájú pé ẹ́ńjìnnì kò mísì (kò fo ìjó epo), kò sì sí ibi tí páìpù èéfín ti jò ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí kò bá sítáàtì

Ohùn tí ọkọ̀ bá fọ̀ lẹ máa tẹ̀ lé. Bí ó bá ń dún tà-tà-tà-tà kíákíá tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń ṣókùnkùn, iná bátìrì kò tó. Bí ó bá dún "tà" kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ kíkìsítátà, mọ́tò tó ń yí ẹ́ńjìnnì, ó sì lè jẹ́ wáyà ńlá tí kò mú dáadáa. Bí ó bá ń yí wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ ṣùgbọ́n tí kò gbiná, bátìrì kọ́ nìyẹn, epo tàbí iná púlọ́ọ̀gì ló ṣàìdé.

Ẹ mú mítà. Lórí ọkọ̀ tó ti sinmi láti alẹ́, bátìrì tó kún máa ń fi volt 12.6 hàn. Volt 12.2 jẹ́ ìdajì, bí ó bá sì ti lọ sísàlẹ̀ 12.0, ó ti gbẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹ ń wo mítà: kò yẹ kó já wálẹ̀ ju nǹkan bíi volt 9.6 lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.5 àti 14.7. Bí ó bá dúró sí 12 tó ń lọ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àlùtánétọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo bẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Ìdánwò tó tẹ̀ lé e ni ì bá gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ẹ yí mítà sí volt. Ẹ fi ẹnu dúdú rẹ̀ kan orí bátìrì tó jẹ́ àmì ìyọkúrò (−), ẹ fi ẹnu pupa kan irin ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀dà, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Bí wáyà náà bá dára, iye tí ẹ ó rí kò ní tó nǹkan, bíi volt 0.2. Bí ó bá ju 0.5 lọ, wáyà tàbí ibi tí wọ́n dè é sí ti dí, kò sì sí bátìrì tuntun tó lè wo ìyẹn sàn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí wáyà pupa náà láti orí bátìrì dé ẹ̀yìn kíkìsítátà.

Bí ẹ bá rí funfun tàbí àwọ̀ ewé bíi búlúù lórí bátìrì, ẹ tú wáyà ìyọkúrò kọ́kọ́, kí ẹ tó tú ti àfikún (+). Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, àfikún ni yóò ṣáájú. Ẹ po sódà tí wọ́n fi ń ṣe àkàrà òyìnbó mọ́ omi, ẹ dà á síbẹ̀ títí ìfófòó yóò fi dẹwọ́, ẹ fi omi ṣan án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kí ẹ sì dè é le débi tí ọwọ́ kò fi ní lè yí i.

Bí bátìrì bá dára tó sì ń kú ní gbogbo òwúrọ̀, nǹkan kan ń jẹ iná lóru. Nínú jíìpù, gílóòbù ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ẹrù ń ti bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, iná ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá àti kámẹ́rà tí a so mọ́ fíùsì wà lára àwọn tó sábà máa ń ṣe é. Ẹ fi mítà sáàárín wáyà ìyọkúrò àti orí bátìrì ní ipò ampere, ẹ ti ilẹ̀kùn gbogbo, ẹ dúró tó ogójì ìṣẹ́jú kí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sùn. Ẹnikẹ́ni má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà wà níbẹ̀. Bí iye rẹ̀ bá ju milliamp 50 lọ, ẹ máa yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá a padà. Èyí tí ẹ bá yọ tí iye náà já wálẹ̀ ni ẹ ó tẹ̀ lé.

Tí ẹ bá fẹ́ gba iná lára ọkọ̀ mìíràn:

1. Wáyà pupa sí àfikún bátìrì tó kú.
2. Ẹnu kejì pupa sí àfikún bátìrì tó dára.
3. Wáyà dúdú sí ìyọkúrò bátìrì tó dára.
4. Ẹnu kejì dúdú sí irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú, níbi tó jìnnà sí bátìrì, torí gáàsì tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná bí iná bá ta pàrà lórí rẹ̀.

Ti ọkọ̀ tó ń yí láìgbiná ńkọ́? Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná fi ń tàn, kí ẹ gbọ́ bóyá páńpù epo kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì lápá ẹ̀yìn. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ wo fíùsì rẹ̀ àti ríléè, bọ́tìnì oníná tó ń tan án. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù náà: bí àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí títìpa bá ń ṣẹ́jú, ọkọ̀ kò dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, ẹ gbìyànjú èkejì.

Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n, ó ń mísì

Iṣẹ́ yìí dùn mọ́ mi ju gbogbo àwọn yòókù lọ, torí ẹ kò ní ra nǹkan kan kí ẹ tó mọ ìdáhùn. Ká ní síkánà mú P0303 wá. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ń sọ sílíńdà (ihò tí epo ti ń jó) tí kò jó, ìkẹta nìyẹn. P0300 túmọ̀ sí pé ó ń fò kiri láàárín sílíńdà púpọ̀, ẹ wá afẹ́fẹ́ tó ń jò tàbí epo tí kò tó.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Ẹ yọ ìbòrí oníke tó wà lókè rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù òde òní, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní kọ́ìlì tirẹ̀ lórí, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná, dúdú, tí bóòtì kékeré kan dè mọ́lẹ̀, tí wáyà sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ tẹ ahọ́n kékeré tó wà lára ẹnu wáyà náà kí ẹ tó fà á. Ike rẹ̀ ti gbẹ, ẹ má fi ipá fà á. Ẹ tú bóòtì, ẹ yí kọ́ìlì náà sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, yóò yọ sókè gbọọrọ pẹ̀lú rọ́bà gígùn rẹ̀. Ẹ wo inú ihò tó ti jáde. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí ẹ́ńjìnnì ló ń jò, kọ́ìlì tuntun kò sì ní pẹ́ níbẹ̀ bí a kò bá ṣe ìyẹn.

Ẹ gbé kọ́ìlì ìkẹta sí ojú àkọ́kọ́, ẹ gbé ti àkọ́kọ́ sí ojú ìkẹta. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ díẹ̀, ẹ tún síkáànì. Bí kóòdù bá di P0301, àrùn bá kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì yẹn ni kí ẹ ra, ẹyọ kan. Bí ó bá dúró sí P0303, ẹ ṣe pàṣípààrọ̀ púlọ́ọ̀gì bákan náà. Ẹ wo ojú púlọ́ọ̀gì náà bí ẹ ti ń yọ ọ́. Àwọ̀ ara rẹ̀ yẹ kó jẹ́ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó gbẹ. Dúdú tó gbẹ bí ẹ̀ẹ́dú fi hàn pé epo pọ̀ jù, dúdú tó ń yọ̀ fi hàn pé ọ́ìlì ń wọlé, funfun fi hàn pé ibẹ̀ gbóná jù. Bí àrùn kò bá tún kúrò ní sílíńdà ìkẹta, ẹnu tó ń fọ́n epo tàbí agbára fífún inú sílíńdà ló kù, ìyẹn sì ti tó ohun tí ẹ ó pe mẹkáníìkì sí. Ṣùgbọ́n ẹ ó lè sọ fún un pé kọ́ìlì kọ́, púlọ́ọ̀gì kọ́, ẹ sì ti rí i fúnra yín.

Ọkọ̀ ń gbóná

Bí ọ̀pá ìwọ̀n gbígbóná bá ń gòkè lójú ọ̀nà, ẹ pa AC, ẹ tan híità sí èyí tó gbóná jù pẹ̀lú fáànù rẹ̀ ní kíkún. Kò ní tù yín lára, ṣùgbọ́n ó ń fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá ibi tí ẹ ó dúró sí, bí ó bá sì ti wọ pupa, ẹ pa á.

Ẹ má ṣe ṣí ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná. Omi inú rẹ̀ lè ti kọjá 100°C, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ abẹ́ ìdérí náà ni kò jẹ́ kó hó. Bí ẹ bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ yóò di ooru gbígbóná lójú kan náà, ojú àti àyà ẹni tó dúró síbẹ̀ ni yóò bá. Ẹ dúró títí ẹ ó fi lè di họ́ọ̀sì òkè mú lọ́wọ́ láìjóni. Ó lè tó wákàtí kan.

Ìgbà tó ń gbóná ni yóò sọ ibi tí àrùn wà. Bí ó bá jẹ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ nìkan, tó sì ń tutù bí ẹ bá ti ń sáré, fáànù ni. Ẹ sítáàtì, ẹ tan AC: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí kò bá yí, ẹ wo fíùsì rẹ̀, kí ẹ sì fi ríléè mìíràn tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́ nínú àpótí kan náà, bíi ti hóònù, dán an wò. Bí ó bá jẹ́ orí òkè tàbí eré ló ti ń gbóná, omi kò rìn tó: tọ́mọ́sítáàtì, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi gbígbóná, lè ti há, rédíétọ̀ lè ti dí, páńpù omi lè ti jẹ. Bí ọ̀pá ìwọ̀n bá ti gòkè tí họ́ọ̀sì kan lára rédíétọ̀ ṣì tutù nini, tọ́mọ́sítáàtì kò ṣí. Ẹ lè yọ ọ́, ẹ so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná pẹ̀lú tẹmómítà. Iye tó yẹ kó ṣí wà lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì wà láàárín 82°C àti 95°C. Ẹ ó rí i tí àárín rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá hó tí kò là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan máa ń yọ tọ́mọ́sítáàtì sọ nù pátápátá kí ọkọ̀ lè máa tutù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó ń mu epo púpọ̀, inú rẹ̀ ń tètè jẹ, P0128 yóò sì tan iná sí dáṣíbọ́ọ̀dù yín. Ohun tó mú un gbóná tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, tí kò sí ẹni tó wá a.

Bí omi bá ń dín tí ẹ kò rí kíkán nílẹ̀, ẹ wo abẹ́ ìdérí ọ́ìlì. Bí ó bá dà bí mílíìkì, tí èéfín funfun tó ń rùn bí ohun dídùn ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ tó ti gbóná tán, tí ìfófòó sì ń gòkè láìdáwọ́dúró nínú rédíétọ̀, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó dí abẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, ti lọ. Ẹ má wà á mọ́.

Tí ẹ bá ń da omi rẹ̀ padà, irú èyí tí ìwé sọ ni kí ẹ lò, ìdajì rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì omi tí a sè tí a gba ooru rẹ̀, bí kò bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti pò tẹ́lẹ̀. Ẹ tan híità, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ láìde ìdérí láti ìgbà tó ti tutù, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, kí ẹ sì máa fi kún un. Ẹ nu èyí tó bá dà sílẹ̀ kíákíá: májèlé ni, ó sì dùn lẹ́nu, ọmọdé àti ajá lè lá a.

Bíréèkì

Bíréèkì tó ń han fíín-ín bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ń sọ pé páàdì ti ń tán. Èyí tó ń ha gààràgà, irin ti ń jẹ irin. Ẹ yọ táyà, ẹ wo páàdì méjèèjì, ti inú àti ti òde, torí ọ̀kan lè tán kí èkejì ṣì nípọn. Bí ó bá ku mílímítà 3, ẹ pààrọ̀ méjèèjì lọ́tùn-ún lósì. Bí páàdì inú nìkan bá tán, àwọn pín-ìnnì tí kálípà, irin tó di páàdì mú, ń yọ̀ lórí wọn ti gan. Ẹ yọ wọ́n, ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ fi gíríìsì tí wọ́n ṣe fún bíréèkì pa wọ́n. Ẹ má fi kálípà sílẹ̀ kó máa gbéra rọ̀ lórí họ́ọ̀sì rẹ̀, ẹ fi wáyà so ó rọ̀. Bí jíìpù yín bá ní bíréèkì ọwọ́ oníbọ́tìnì, ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wọ ipò àtúnṣe kí ẹ tó ti písítìnnì rẹ̀ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mọ́tò rẹ̀ yóò já.

Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lẹ́sẹ̀ yín. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ìtẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò kan ilẹ̀ ọkọ̀ láìmú nǹkan kan.

Sítíárì tó ń gbọ̀n nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì lórí eré sábà jẹ́ ti dísíìkì tí kò tẹ́jú mọ́. Ẹsẹ̀ bíréèkì tó rọ̀ bíi kànìnkànìn ní afẹ́fẹ́ nínú, tàbí ó ń jò, ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nílé. Omi bíréèkì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì-méjì.

Ariwo abẹ́ ọkọ̀, àti táyà

Kíkùn tó ń pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, tó sì ń yí padà bí ẹ bá rọra yí sítíárì sápá kan, bẹ́árìn ẹsẹ̀ ni. Bí ó bá ń dún kà-kà-kà nígbà tí ẹ yí sítíárì dópin tí ẹ sì ń lọ, ṣáàfù ni. Ẹ tẹ rọ́bà tó bò ó wò bóyá ó ti ya tí gíríìsì ti fọ́n yí ríìmù ká. Bí rọ́bà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ya tí kò tíì dún, rọ́bà àti gíríìsì tuntun lè gbà á là. Gbọ̀ngbọ̀n kékeré lórí gegele sábà máa ń jẹ́ línkéèjì tàbí bọ́ṣì. Pẹ̀lú ọkọ̀ lórí sítáǹdì, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Bí ó bá ṣeré, ẹ wo bẹ́árìn àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ibẹ̀ ló ti ṣeré, orí ọ̀pá sítíárì ni.

Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó yẹ kí táyà ní wà lára sítíkà etí ilẹ̀kùn awakọ̀. Èyí tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ jẹ́ òpin ohun tó lè gbà, kì í ṣe èyí tí ẹ ó fún un. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, kí ẹ sì wo sítíkà bóyá ó ní iye mìíràn fún ìgbà tí ọkọ̀ bá kún fọ́fọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àmì DOT ń sọ ọjọ́ orí táyà: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí ẹ́ńjìnnì jíìpù yín bá ń yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí wọ́n sì jẹ dọ́gbadọ́gba. Táyà tuntun kan láàárín mẹ́ta tó ti jẹ ń mú kí jíà àárín máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi gbóná bàjẹ́.

Jíà àti AC

Jíà tó ń ta, tó ń yọ̀ tàbí tó ń pẹ́ kó tó wọlé, ọ́ìlì rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, kò dára. Irú ọ́ìlì tí ìwé sọ nìkan ni kí ẹ lò. Jíà CVT, èyí tí kò ní ìpele, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ti jíà àárín àti ti ẹ̀yìn náà sì yàtọ̀. Kò sí ibi tí ìméfò ti ń náni lówó tó ibí yìí.

AC tí kò tutù mọ́: ẹ wo fíltà inú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn àpótí iwájú, ẹ fọ ìdọ̀tí iwájú kọ́ńdénsà, ẹ wo bóyá fáànù ń yí. Gáàsì inú rẹ̀ kì í tán bí epo. Bí ó bá dín, ó ń jò níbì kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ojú jíjò kí wọ́n tó fún un ní òmíràn. R134a àti R1234yf, irú gáàsì AC méjì, kò gbọdọ̀ pò pọ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà kéékèèké àti lójú ọ̀nà eré, ẹ tún síkáànì. Nọ́ọ̀tì táyà tí ẹ tú, àgbélébùú ni kí ẹ máa gbà dè é, ìwọ̀n tí ìwé sọ ni kó le tó, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn bíi kìlómítà 80. Ẹ ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀: ọjọ́, iye kìlómítà, ohun tó ṣe é, ohun tí mítà kà, ohun tí ẹ ṣe. Ìlà àkọ́kọ́ nínú tèmi kà báyìí: "Wáyà dúdú bátìrì, ibi bóòtì ara ọkọ̀, ìpẹtà. Ha á ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà."